Alámọ̀ Ìyá Mi Nínú Àpótí Kọ̀ǹpútà

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, etí lásán kọ́ ni mo fi gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi kúrò nínú ilé mi, èmi fúnra mi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún ẹni tó ń yọ ọ́.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, n kò fi bò. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tó kọ́lé ní Ìkéré tí kò ra pákó lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni mo ra kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti Èkó dé. Àwọn olùkọ́ àdúgbò wa ò tíì ní in nílé. Èmi oní-pákó ni mo kọ́kọ́ ní in, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń wá wò ó.

Ìyá mi ni mo rà á fún. Ọmọ Emùré ni, alámọ̀ ló ń dá, ewì tí àwọn obìnrin wa fi ń ki ìdílé níbi ìyàwó àti níbi òkú. Òun nìkan ló kù tó mọ ti ulé wọn, ohùn rẹ̀ sì ti ń lọ. Ọmọ àbúrò rẹ̀, tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, tó ń jẹun mi, ló ń bá wa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

“Yèyé, ẹ rọra, ọwọ́ mi ò yá tó ẹnu yín.”

“Ìwọ ni kó o yára. Ṣé ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ á dúró dè ọ́ ni?”

Mo ní kó ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún mi, torí èmi kì í gbé ohun tí n kò mọ̀ kalẹ̀ sínú ilé. Ó ní èyí tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n ni sìkíríìnì, òun ló ń fi ọ̀rọ̀ hàn. Èyí tí à ń tẹ̀ ni kíbọọ̀dù, èyí tí à ń fọwọ́ fà kiri ni máòsì.

“Àpótí irin ìsàlẹ̀ yìí ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, ìjókòó rẹ̀ nìyẹn. Iná ló ń gbà fún un.”

Mo gbà á gbọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, sìkíríìnì ni mò ń gbé wọ yàrá, mo sì ń fi aṣọ bò ó bí ọmọ tuntun. Àpótí wà ní pálọ̀.

Ìyá kú. Mo ní ká lọ tẹ alámọ̀ rẹ̀ sórí ìwé ní Adó, kí àwọn ọmọ-ọmọ fi sin ín. Àbúrò mi tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ yìí ní ká dúró ná, eruku ti kún inú àpótí. Iná ọba ò sí, mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó yọ irin pẹlẹbẹ kan tí kò ju Bíbélì kékeré lọ, ó ki òmíràn bọ ipò rẹ̀, ó sọ ti àkọ́kọ́ sínú báàgì.

“Kí lèyí?”

“Ó ti gbó ni, Ẹ̀gbọ́n.”

Mo dúpẹ́. Mo tún ra ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ilẹ̀ mọ́, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Adó.

Mo ní kí ọmọbìnrin mi tan ẹ̀rọ. Sìkíríìnì mọ́lẹ̀ rekete, ó kí wa bó ṣe máa ń kí wa, ṣùgbọ́n ọmọ yìí wá alámọ̀ títí, kò rí i. Mo gbé àpótí sórí ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ní Ìṣẹ́.

“Ọ̀gá, háàdì díìsìkì tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí. Yàtọ̀ sí ohun tó ń jẹ́ kó tàn, òfìfo ni.”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in nílé náà mọ̀: háàdì díìsìkì ni àká. Ohun tẹ́ ẹ bá tọ́jú, inú rẹ̀ ló ń sùn, iná ìbáà lọ. Dígí lásán ni sìkíríìnì. Ká ní a da alámọ̀ náà kọ sínú fúlọ́pì, díìsìkì kékeré tó ń wọ àpò ẹ̀wù, ọwọ́ mi ni ì bá wà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ò sọ fún mi.

Mo bá a ní Adó. Háàdì díìsìkì wa wà nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

“Alámọ̀ Yèyé dà?”

“Mo ti pa á rẹ́. Ààyè ni mo ń wá, tèmi tí mo fi sípò rẹ̀ kéré. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ò lè kà á, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

Orí ìjókòó ló ti sọ ọ́, kò dìde.

A sin ìyá mi, ẹnikẹ́ni ò dá alámọ̀. Ohun tó lọ nìyí: alámọ̀ ìyàwó mẹ́sàn-án, ti òkú mẹ́rin, ti ìbejì méjì, háàdì díìsìkì kan, àbúrò kan.