Ìbọn Inú Ẹní Bọ̀dá Àjàní

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ náà tí èmi àti Bàbá Tómi, ọkọ mi, fi kúrò nílé wa ní Wakefield, lókè pátápátá Bronx, níbi tí ìlú New York ti fẹ́ẹ̀ parí. Lásìkò yẹn, àwa olùtọ́jú aláìsàn nìkan la máa ń wà níta ládùúgbò wa. Àwọn kan ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, àwọn kan ń lọ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì ń kí ara wa ní "ẹ kú iṣẹ́ o" bí ẹni pé Ṣakí la wà. Mo ti se mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, mo ti rọ tíì sínú fíláàsì, nítorí ọkọ mi kì í jẹ oúnjẹ ojú títì. Ó ní ọ̀rá inú ẹ̀ pọ̀, owó ẹ̀ sì pọ̀ ju ọ̀rá lọ.

Virginia là ń lọ, láti lọ gbé ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Àjàní, wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ bá dàgbà díẹ̀ á rántí rẹ̀: àkọ́bí Bàámi, ọkùnrin gíga tó máa ń gbé mi sọ́rùn lọ sóko. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń gbé abúlé kan ní Virginia. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, eékún ń dùn ún, ló bá ta ilé rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé Bàámi lọ sílé ọkọ, èmi àti Bọ̀dá ò tíì gbé abẹ́ òrùlé kan náà mọ́. Inú mi dùn bíi tọmọdé tí wọ́n ní ọjọ́ ọdún ku ọ̀la.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pe Bàbá Tómi láti wá búra kó lè di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó ti ń retí ọjọ́ náà tipẹ́. Lọ́yà sì ti kìlọ̀ fún un pé bí ọlọ́pàá bá mú un kó tó búra, gbogbo ẹ̀ lè dà rú, wọ́n tiẹ̀ lè dá a padà sílé. Ìdí nìyẹn tó fi ń wakọ̀ bí ẹni tó ru agbọ̀n ẹyin.

A gba orí afárá kan bọ́ sí New Jersey. Owó ibodè wà lórí afárá, ó wà lójú títì ńlá, ó tún wà níwájú. Àmọ́ ẹnì kankan kì í na ọwọ́ sí ọ. Àpótí pẹlẹbẹ kan ló lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀, òun ló ń san án, o ò ní í mọ̀ títí ìwé báńkì yóò fi dé. Lẹ́yìn New Jersey ni Delaware, ìpínlẹ̀ tó kéré débi pé mo bu mọ́ínmọ́ín kan jẹ níbẹ̀, kí n tó jẹ ẹ́ tán, a ti wà ní Maryland. Ibùdó ìsinmi kan wà lójú ọ̀nà, ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti mọ́ tó yàrá àlejò. Dọ́là márùn-ún ni wọ́n ń ta kọfí ife kan níbẹ̀. Ọkọ mi wo obìnrin tó ń ta á, ó wo ife náà, ó padà sínú ọkọ̀ lọ mu tíì rẹ̀.

Nílé, tó o bá ń ti Ọ̀yọ́ bọ́ sí Kwara, wàá mọ̀ pé o ti dé ààlà. Ọlọ́pàá á wà níbẹ̀, igi á dábùú ọ̀nà, àwọn ọmọ tó ń ta ẹ̀pà á sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Níbí, pátákó kan ṣoṣo ló máa kí ọ káàbọ̀, igi tó wà lápá ibí náà ló wà lápá ọ̀hún. Àmọ́ òfin á ti yí padà láìpariwo. Èyí ni mi ò kà sí nǹkan kan nígbà tá à ń lọ.

Ilẹ̀ Virginia pupa, gẹ́gẹ́ bíi ti Ṣakí. Bí mo ṣe rí i ni ọkàn mi fà sílé. Ọgbà Bọ̀dá ṣì ní àgbàdo àti ilá tí ẹni tó ra ilé yóò wá jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ náà a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, a ń sọ ọ̀rọ̀ Bàámi: bó ṣe máa ń ti igbó dé ní kùtùkùtù, òórùn èéfín lára ẹ̀wù rẹ̀, bí a ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀, tí a ń kúnlẹ̀, tí ojú wa sì ti wà lára àpò ọdẹ rẹ̀ kí ìkíni tó parí. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí. Mo rí Bàámi nínú ẹ̀rín yẹn, ó sì dùn mí pé ẹ̀gbọ́n mi ti darúgbó.

Láàárọ̀ Sátidé, a di ẹrù. Àpótí aṣọ méjì, ìkòkò ìyàwó rẹ̀, Bíbélì, àti ẹní kan tó ká jọ gbọọrọ, tó fi okùn dì níbi mẹ́ta. Mo nawọ́ sí ẹní náà.

"Àbẹ̀kẹ́, fìyẹn sílẹ̀," ni Bọ̀dá wí. "Èmi fúnra mi ni màá gbé e."

Ó gbé e sí ìsàlẹ̀ búùtù, ó to àwọn àpótí lé e. Ọkọ mi wò mí, èmi náà wò ó. Kò sẹ́ni tó béèrè. Nílé wa a kì í tú ẹrù àgbà wò, àna kì í sì í bi ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ pé kí lẹ dì. Ẹni tó bá béèrè ni kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ̀kọ́ ilé yìí ló fẹ́ẹ̀ kó bá wa.

Bọ̀dá fún Ọ̀gbẹ́ni Hénrì, àgbẹ̀ òyìnbó tí ilé wọn kángun síra, ní kọ́kọ́rọ́ kó bá òun fún onílé tuntun, ó sì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tòun ti ìgò ṣìnáàpù tó fi bébà wé. Nígbà tá a dé orí afárá odò tó pín Virginia àti Maryland níyà, ó ṣí ìgò, ó yí gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ wálẹ̀, ó ta ọtí díẹ̀ síta.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kámẹ́rà wà níbí o," ni ọkọ mi wí.

"Kí kámẹ́rà náà máa gbọ́ pé à ń kí onílẹ̀."

Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni gbogbo wa o, ẹ má pè wá lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n Bàámi kì í ré ààlà kọjá láìta ọtí sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìkí i, ohun tójú rẹ̀ bá rí kó fara mọ́ ọn. Mo rántí ọmọ kékeré tí mo jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní etí odò, mi ò sì bá Bọ̀dá jà.

Nígbà tá a wá dé ààlà Delaware, Bọ̀dá ní ká dúró, pé ti orí afárá yẹn kò kúnjú òṣùwọ̀n, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Ọkọ mi ò lè kọ̀ fún àna rẹ̀. Ó yà sétí títì, níbi tí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ nìkan ti lè dúró. Bọ̀dá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá pátákó, ó ṣí fìlà, ó tẹríba, ó ta ọtí sílẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Bàámi gan-an ni! Omi bọ́ lójú mi. Kí n tó nù ún, iná pupa àti búlúù ti ń ṣẹ́jú lẹ́yìn wa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ọlọ́pàá náà, ó sì mọ̀wà hù. Ó fi imú fa òórùn inú ọkọ̀, ó ní kí Bàbá Tómi bọ́ sílẹ̀, kó rìn lórí ìlà, kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ. Kò sí ọtí lẹ́nu rẹ̀. Ló bá béèrè bóyá ohun ìjà kankan wà nínú ọkọ̀.

"Nó, sà," ni ọkọ mi dáhùn, tọkàntọkàn.

Ohùn Bọ̀dá ti ẹ̀yìn ọkọ̀ wá, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tó já gaara: ó ní ìbọn wà níbẹ̀, òun lòun ni ín, ọkùnrin tó ń wakọ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Mo wo ọkọ mi, ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹfun. Ọjọ́bọ̀ nìkan ló wà lọ́kàn mi. Mo fojú inú rí i tí wọ́n ń fi í sínú ọkọ̀ òfuurufú, èmi àtàwọn ọmọ dúró.

Ọlọ́pàá ní kí gbogbo wa dúró síwájú ọkọ̀. Ó tú ẹní náà. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi òróró nù ún, ó ń dán. Kò sí ọta nínú rẹ̀, kò sí ọta nínú ẹrù wa rárá. Bọ̀dá fi ìwé tó fi rà á hàn án. Ọlọ́pàá yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́ títí, ó béèrè ibi tí à ń lọ. Nígbà tí mo sọ pé New York ni, ó mi orí. Ó ní níbi tí a wà yìí, òun kò rí ohun tóun lè fi mú wa, àmọ́ tá a bá gbé e wọ New York láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀wọ̀n ni, wọn ò sì ní í kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín kí wọ́n tó kó gbogbo wa. Ó dá ìbọn padà fún Bọ̀dá, ó ní ká má dúró sétí títì mọ́.

Ọkọ mi wakọ̀ dé ibùdó ìsinmi tó sún mọ́ wa jù, ó páàkì, ó ká ọwọ́ lé orí.

"Bọ̀dá," ló wí níkẹyìn, "ẹ̀yin lẹ fa ìyàwó mi lé mi lọ́wọ́, mi ò lè gbóhùn sókè sí yín. Àmọ́ Ọjọ́bọ̀ ni ìbúra mi."

"Ẹ má bínú, àna mi. Ẹ gbé mi padà."

"Padà síbo? Ẹ ti ta ilé!"

"Màá gba yàrá kan. Ìbọn yẹn ò ṣe é fi sílẹ̀."

Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé irin lẹ fẹ́ràn ju àwa lọ ni?"

Ìgbà náà ló sọ ohun tí kò sọ fún ẹnì kankan nínú ẹbí rí. Nígbà tí Bàámi kú, ìyàwó òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ni, kò sì ní ẹlòmíì. Òun kò lè wá sílé. Bẹ́ẹ̀ àkọ́bí ọdẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ yìnbọn lọ́jọ́ ìsìnkú.

"Mo lọ ra ìbọn yìí," ló wí. "Lọ́jọ́ tí ẹ̀ ń sin Bàámi ní Ṣakí, mo dúró ní ẹ̀yìnkùlé mi, mo yìn ín sókè lẹ́ẹ̀kan. Hénrì sáré dé, ó rò pé nǹkan ṣe mí. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ṣí fìlà, ó dúró tì mí. Láti ọjọ́ yẹn, Àbẹ̀kẹ́, mi ò tíì yìn ín mọ́. Mi ò fi pa ẹyẹ rí."

Ẹ̀yin ará ilé, èmi wà ní Ṣakí lọ́jọ́ yẹn. Àbúrò Bàámi ló yìnbọn dípò Bọ̀dá, mo sì gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ: pé òyìnbó ti gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá, pé kò náání òkú. Ìdí tí mo ṣe ń kọ ìrìn àjò yìí sí yín nìyẹn. Ó yìn ín. Ẹ ò kàn gbọ́ ọ ni.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ yẹn bí ìgbà tí Bàámi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Bàbá Tómi náà nu ojú. Nígbà tó yá, Bọ̀dá fọwọ́ lé mi léjìká.

"Hénrì á gbà á," ló wí. "Òun nìkan ló mọ ohun tó jẹ́. Ẹ yí ọkọ̀ padà."

Gbogbo ọ̀nà tá a ti rìn la tún padà rìn. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tá a dé. Ọ̀gbẹ́ni Hénrì fún wa ní ẹ̀wà àti búrẹ́dì tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, tó ń fọ́ lọ́wọ́ bí èkuru, ó sì ní ká sùn mọ́jú. Bọ̀dá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìbọn náà fún un, bí a ṣe ń gbé ọmọ tuntun fúnni. Hénrì gbà á bákan náà. Ó kàn ní òun yóò máa fi òróró nù ún.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ré àwọn ààlà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, Bọ̀dá sì fi ẹnu lásán kí wọn. Ìgò ọtí wà ní búùtù. Ọ̀sán ti rọ̀ nígbà tá a wọ Wakefield, àwọn èèyàn ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ pẹ̀lú gèlè àti fìlà. Ìrìn àjò yìí ti kọ́ mi pé kò yẹ kí ọ̀wọ̀ di wa lẹ́nu. Ká ní mo ti béèrè ohun tó wà nínú ẹní yẹn, ìbẹ̀rù á dín kù. Àti pé ọdún mélòó kan ṣáájú, ká ní mo ti béèrè ohun tó ṣe lọ́jọ́ tá a sin Bàámi, òun nìkan ì bá má ti dá gbé e.

Bọ̀dá kò tètè wọlé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé wa, ó ń wo àwọn ilé tó há gádígádí mọ́ra wọn.

"Àbẹ̀kẹ́," ló wí, "lọ́jọ́ tèmi, ní ìlú yìí, ta ni yóò yìn ín fún mi?"

Bàbá Tómi, tó ń já ẹrù, gbé ìkòkò kalẹ̀.

"Ẹ máa pẹ́ fún wa, Bọ̀dá. Àmọ́ tó bá dọjọ́ yẹn, èmi ni. Màá lọ bá Hénrì ní Virginia, ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ni màá ti yìn ín." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n búra ná. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, mi ò mọ ìbọn, mi ò sì mọ̀ yín rí."

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọkọ mi, ọkọ mi fà á dìde, wọ́n sì jọ wọlé.