Ikùn Tó Lé Ọkọ Mi Kúrò ní Yàrá

Ọ́fíìsì wa ní yunifásítì ni ooru náà ti kọ́kọ́ mú mi, nínú ọyẹ́, nígbà tí àwọn tó kù wọ súwẹ́tà. Mo ń fi fáìlì fẹ́ ara mi, òógùn ń ṣàn lọ́rùn mi, àwọn ọmọge ọ́fíìsì sì ń fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo jágbe mọ́ wọn. Nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró láti ọdún tó ṣáájú, ìbínú ò sì jìnnà sí mi nígbà náà.

Lẹ́yìn ooru ni ikùn dé. Mi ò jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ síkẹ́ẹ̀tì kọ̀, síìpù kọ̀. Bí mo bá kọjá ní Ẹnuwá, nílùú Ifẹ̀ wa, àwọn oníṣòwò á máa kí mi pé, "Màmá, ẹ ń jayé o!" Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tó bá sanra, wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọkọ ọ̀hún ti kó lọ sí yàrá tí àwọn ọmọ fi sílẹ̀. Ó ní fáànù mi ń mú òun wúkọ́. Mo kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, mo wo ara mi nínú dígí, mo ní ó tán, ọkùnrin yìí ò fẹ́ mi mọ́. Síbẹ̀ òun náà ló ń po tíì mi láràárọ̀, tó ń bá mi lọ aṣọ ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, ó sì dùn mí wọra.

Nígbà tí òùngbẹ àti àárẹ̀ ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́, mo lọ ṣe àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gba èsì, ọkọ mi bá mi wọlé, ó kọ̀ láti dúró níta. Dókítà náà kéré, ọmọ bíbí inú wa ni ì bá jẹ́.

"Màmá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti ń gòkè, ọ̀rá sì ti kó jọ síkùn yín. Bí nǹkan oṣù bá ti lọ, ara kì í lo oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ dín iyán kù, kí ẹ sì máa rìn dáadáa."

Iyán! Nínú Ifẹ̀! Mo múra láti bá a jà, àmọ́ ọkọ mi gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Dókítà, ṣé ó dá yín lójú pé ọ̀rá ni? Ṣé kì í ṣe oyún ìju?"

Ó wá dorí kodò, ó ń ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n ló kìlọ̀ fún un pé obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti tán, kí ọkọ má sún mọ́ ọn mọ́, torí oyún tí kò ṣeé bí ni yóò ní, táá máa wú títí táá fi pa á. Ó ní ìgbà tí òun rí i tí ikùn mi ń yọ, òun rò pé òun ti ṣe é tán.

"Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo máa pa á," ó ní.

Dókítà rọra rẹ́rìn-ín. "Dádì, a ti ya fọ́tò inú wọn, kò sí oyún kankan níbẹ̀. Ẹ padà sí yàrá yín, sà."

Mo bú sẹ́kún. Dókítà náà sáré na tíṣù sí mi, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún: "Ẹ má sunkún mọ́, mà. Ṣúgà yẹn ò tíì ga jù, apá wa máa ká a."

Mo mi orí pé mo gbọ́. Mi ò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ṣúgà kọ́ ni mò ń sunkún sí.