Ìwọ̀ Kékeré Tí Ìyàwó Mi Yàn

Ní ọdún tí owó epo já wálẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan náà ni iṣẹ́ engineer bọ́ lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láàárọ̀ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n yìí wá kan ilẹ̀kùn basement tí a háyà ní àdúgbò Temple, nílẹ̀ òkèèrè olótùútù tí a ń gbé. Wọ́n ní kí èmi àti ìyàwó mi múra, a ń lọ pẹja lórí adágún tó ti di yìnyín.

A kọ́kọ́ yà ra jig, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n da òjé aláwọ̀ mèremère sí lórí. Èyí tó tóbi jù ni mo mú.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, ẹja ibẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣé o fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n ni?"

Ìyàwó mi mú èyí tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, aláwọ̀ pink. "Ó jọ yẹtí mi," ló wí. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìyàwó mi ti fa ẹja perch mẹ́fà jáde nínú ihò tí a gbẹ́ sínú yìnyín. Èmi ò rí nǹkan kan.

Mo bẹ̀ ẹ́, "Jọ̀ọ́, yá mi ní tìẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yọ pink mìíràn nínú àpò kóòtù rẹ̀. "Mo mọ̀ pé wàá bẹ̀bẹ̀. Méjì ni mo rà."

Kò pẹ́ tí okùn mi fi gbọ̀n. Ẹja náà kéré, àmọ́ mo jó yí ihò náà ká, ẹ̀gbọ́n sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sínú snow.