Bí Mo Ṣe Lọ Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ Lẹ́yìn Ìjàyè

Ìdájí ni mo kúrò nílé wa ní Adégbàyí, kóòtù funfun lọ́rùn, fọ́ọ̀mù lábíyá, bí ẹni tó ń lọ gba ayé là. Ọdún kẹta mi nìyí nínú ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ ní yunifásítì. Wọ́n ní kí n lọ ka àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú ilé mẹ́wàá ní abúlé kan, kí wọ́n lè mọ iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n máa kó lọ síbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá pé á tún ọdún náà kà.

Mo wọ takisí Máíkírà dé Mọ́níyà, mo wọ òmíràn dé Ìjàyè, ọ̀kadà ló gbé mi dé abúlé. Ọlọ́kadà béèrè bóyá dókítà ni mí. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Eruku ti sọ kóòtù náà di pupa kí a tó dé.

Nílé àkọ́kọ́, obìnrin kan ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mi ò tíì kí i tán tí mo fi fa bírò yọ: "Àǹtí, ọmọ mélòó lẹ bí?" Ó wò mí, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ mi ti ṣáájú mi dé ilé kejì. Nílé kẹta, ajá ló dá mi lóhùn. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta ti lé e kúrò lórí mi.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo ń kọ iye tó bá wù mí. Ilé keje ni mo dé tí ìyá arúgbó kan fi bá mi níbẹ̀. Ìyá náà ní ibẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó wá lọ́dún tó kọjá jókòó sí, tó ń kọ iye tó wù ú. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé, kò kárí. Kò kan ọmọ kan tí obìnrin tó tilẹ̀kùn mọ́ mi bí, àrùn tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà ló sì gbé ọmọ náà lọ.

Ojú tì mí.

"Má béèrè iye," ni ìyá arúgbó náà wí. "Ní kí wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ wọn fún ọ, kí o kà wọ́n sínú."

Mo fagi lé gbogbo ohun tí mo kọ, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó ṣí i. Ó dárúkọ àwọn tó wà, ó sì dárúkọ èyí tó lọ. Mo kọ gbogbo wọn.

Ilé mẹ́rin ni mo rí ṣe kí n tó wá ọkọ̀ padà. Nígbà tí mo délé, ìyá mi bi mí bóyá fọ́ọ̀mù ti kún. Mo ní ó ku ilé mẹ́fà.

"Ṣebí ọ̀la ni wọ́n ń gbà á?"

"Ọ̀la ni, mà. Ọ̀la náà ni mò ń padà lọ."