Rushdi àti Bàtà Lẹbẹ́ Tó Fúyẹ́

Kò sí ohun tí Rushdi kórìíra láyé yìí tó ẹrù. Nígbà tí wọ́n ń pín ohun èlò orin níléèwé wọn, fèrè tín-ín-rín ló mú. Nígbà tí wọ́n kó o wọ iṣẹ́ ológun, ilé ìdáná ló sá wọ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Bí a bá sì ń gbé òkú lọ sí itẹ́ òkú ní Suez, ìlú wa, tí àwọn ọkùnrin ń du pósí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nítorí láádá, Rushdi á fi ìka méjì kan etí pósí, á wá máa ṣe àdúà sókè ju àwọn tí èjìká wọn ń bó lọ. Àlejò tó bá rí i á rò pé òun nìkan ló gbé òkú náà.

Ilé kan náà là ń gbé. Àwa wà nísàlẹ̀, òun àti Fikriya ìyàwó rẹ̀ wà lókè pátápátá. Tí sílíńdà gáàsì wọn bá dé, Rushdi á dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, á wúkọ́, á di ìbàdí mú, títí ọkọ mi á fi dìde. Gáàsì onígáàsì ti ba ẹ̀yìn ọkọ mi jẹ́. Mo bínú títí, ó sú mi.

Lọ́dún kan, a jọ lọ lo ìsinmi ní Dahab, ìlú etí òkun, àwa mẹ́rin àti Shawqi, ẹ̀gbọ́n Fikriya. Shawqi gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀, kò sì sí ibi tí a jókòó sí tí kò ní sọ ọ́. Ní báyìí, ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó tẹ̀ lé e. Òun àti Rushdi lọ háyà bàtà lẹbẹ́ lọ́dọ̀ Freij, ọmọ Bedu, àwọn Lárúbáwá inú aṣálẹ̀, tó ní ìsọ̀ létí òkun. Bàtà rọ́bà ni, iwájú rẹ̀ fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Òun ni èèyàn ń wọ̀ tó bá fẹ́ da ojú bo omi kó wo ẹja àti òkúta iyùn tó ń hù nísàlẹ̀ òkun.

Freij fún gbogbo wa tá a bá wọn lọ ní tíì. Rushdi ń fi ìka kan gbé bàtà kọ̀ọ̀kan, ó di ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàtà lẹ ń mú ni àbí ẹyin lẹ ń wọ̀n?" ni Freij bi í.

"Èyí tí mi ò ní mọ̀ pé mo wọ nǹkan ni mo fẹ́."

Freij mú èyí kúkúrú kan jáde, aláwọ̀ ìyeyè. "Ẹ ti ẹsẹ̀ bọ omi ná kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Tí gìgísẹ̀ ò bá yọ, tí ọmọ ìka ò sì ká kò, tiyín nìyẹn. Ẹni tó ń jókòó lọ́fíìsì látọdún délẹ̀, èyí tó fúyẹ́ ló yẹ ẹ́."

Shawqi bú sẹ́rìn-ín. "Bàtà ọmọdé. Àna mi, ó kù kí wọ́n fún ẹ lọ́mú." Òun mú dúdú gígùn kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òun ní ìbàdí.

"Ẹ̀gbọ́n, ti àwọn tó ń mòòkùn lọ sísàlẹ̀ nìyẹn," ni Freij sọ fún un. "Itan tó bá ń ṣe é lójoojúmọ́ ló ń tì í."

"Ṣé o mọ irú itan tí mo ní?"

Freij wo itan náà, ó sì bu tíì kún ife Shawqi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Nígbà tó di ọ̀sán, Freij ti ìsọ̀, ọkọ mi bá a lọ sí mọ́sáláṣí, etíkun sì dá. Rushdi àti Shawqi ní arìnrìn-àjò làwọn, Jímọ̀ ò di dandan fáwọn. Wọ́n wọ omi. Èmi àti Fikriya jókòó lórí ẹní, a ń jẹ bàrà àti wàràkàṣì.

"Ìyá Sabah, o ò rí ọkọ mi?" ni Fikriya wí. "Ó wá bàtà títí ó fi rí èyí tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ. Látìgbà tó ti fẹ́ mi, èmi ni mò ń gbé àpò, èmi ni mo gbé Nadir ọmọ wa dàgbà, èmi ni mo gbé ìyá ọkọ mi títí ó fi kú. Mi ò ní kó gbé òkè. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n ṣáà rí i kó gbé nǹkan kí n tó kú."

Mo gé bàrà sí i fún un.

Ká sòótọ́, Rushdi mọ̀wẹ̀. Ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan ni iṣẹ́ ara tó fẹ́ràn, torí omi ló ń gbé èèyàn. Ó ń yí létí iyùn jẹ́jẹ́. Shawqi ní tiẹ̀ ń ta ẹsẹ̀ bí ẹni ń la igi, ó kọjá iyùn, ó dé ibi tí omi ti dúdú. Ló bá dúró. Ó na ọwọ́ sókè.

"Rushdi! Pajápajá! Ẹsẹ̀ méjèèjì!"

Rushdi gbé orí sókè. Ó kọ́kọ́ wo etíkun, mo sì mọ ẹni tó ń wá. Ọkọ mi wà ní mọ́sáláṣí. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó lúwẹ̀ẹ́ lọ bá Shawqi.

Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó ń rì a máa fa ẹni tó wá gbà á mọ́ra. Fikriya ti wọ omi taṣọtaṣọ dé àyà, kò sì pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bàbá Nadir" ló ń ké. Rushdi mú Shawqi lábẹ́ apá, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé omi, ó ń wọ́ ọ bọ̀. Bàtà dúdú kan bọ́, ó rì. Bàtà ìyeyè kúkúrú yẹn ń lù díẹ̀díẹ̀, kò yára, kò dúró.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Rushdi sùn sílẹ̀ gbalaja. "Ọkùnrin yìí wúwo o," ló kọ́kọ́ sọ.

Shawqi bì tán, ó nu ẹnu. "Bàtà tìẹ ló dáa. Ká ní èmi ni mo wọ̀ ọ́, èmi ni ǹ bá gbé ẹ."

Fikriya ń fi ìbòrí rẹ̀ nu iyọ̀ kúrò lójú ọkọ rẹ̀, ojú náà gbẹ tán, síbẹ̀ kò dẹwọ́. Mo sunkún, èmi tí mo ti ń bú u tipẹ́.

A padà sí Suez. Gáàsì wọn dé. Rushdi dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó wúkọ́, ó di ìbàdí mú. Ọkọ mi fẹ́ dìde, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà sórí àga. Fikriya yọ orí látòkè.

"Bàbá Nadir, kí ni sílíńdà jẹ́ lójú ẹni tó gbé Shawqi?"

"Inú omi nìyẹn!"

Fikriya fi apá lé irin àtẹ̀gùn, kò wọlé. Rushdi wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo tíì rẹ̀. Rushdi bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé gáàsì náà lé èjìká, ó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹ. Nígbà tó dé àárín ọ̀nà, a gbọ́ tí ó sọ ọ́ kalẹ̀ gbì.

"Fikriya, ṣé o ń wò mí?"

"Mò ń wò ẹ́."

Ó bá tún gbé e.