Bàbá Ẹ̀yin

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí: bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ta ẹyin. Dírẹ́bà ni. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì funfun tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti géètì yunifásítì wa lọ sí láíbìrì, títí dé ilé àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ọgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ̀yin, torí pé kò sí ẹni tí kì í pè ní ẹ̀yin. Ọ̀gá àgbà, ẹ̀yin. Ọmọ tó dé lánàá, tí kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń gbà lọ sí kíláàsì, ẹ̀yin. Àmọ́ wọ́n máa ń kọ orúkọ náà sórí fóònù láìfi àmì sí i, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ tuntun máa ń wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ bá wa mú ẹyin mẹ́fà." Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó ń wò ó lẹ́nu ṣáá, ó rò pé eyín rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bàbá kì í bínú. Á ní, "Ẹ má bínú, ẹyin ti tán. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Ṣọ́ọ̀bù mi ló kọjú sí ibùdókọ̀ náà. Búrẹ́dì, ọṣẹ, bíírò, gbogbo ohun tí ọmọ tó kúrò nílé máa ń gbàgbé ni mo ń tà. Yunifásítì kékeré ni tiwa. Bí ẹnì kan bá sín ní láíbìrì, ará ìlú tó wà lóde géètì á ti máa bi í bóyá ó ti lo oògùn. Bọ́ọ̀sì kan náà ló ń gbé àwọn arúgbó ìlú wá sí ilé ìwòsàn inú ọgbà, òun náà ló ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọjà. Kò sí àṣírí tó ń pẹ́ níbẹ̀, àfi ẹyọ kan, èyí tí èmi mọ̀ torí pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin ilé mi àti ilé Bàbá Ẹ̀yin. Ọmọbìnrin gíga tó máa ń gbé báàgì pupa, tí gbogbo ọgbà ń pè ní Ìwọ báyìí, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Nígbà náà, wọn ò tíì máa pè é bẹ́ẹ̀.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Kì í ṣe pé ọmọ ń tijú bàbá o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹnu ayé ni bàbá ń sá fún. Obìnrin kan wà tó ń dáná fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ rẹ̀ ti lọ sí yunifásítì yìí rí. Ọmọ tó já fáfá ni, àmọ́ Ọmọ Ìyá Ṣíbí ni wọ́n ń pè é títí tó fi jáde. Bó bá gba máàkì tó dáa, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ló bu ẹran kún àwo olùkọ́. Bàbá Ẹ̀yin ní wọn ò ní fi ọmọ tòun ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé.

"Ọmọ mi ṣe ìdánwò, ó sì yege," ló wí fún mi láti òdì kejì ògiri. "Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé bọ́ọ̀sì ló gbé e wọlé."

Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ò rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe di pé ọmọ ń wọ bọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn, tí bàbá ń sọ fún un pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ rọra, ilẹ̀kùn yẹn máa ń gbá èèyàn lọ́wọ́." Ilé àwọn obìnrin lọ́mọ ń gbé, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń yọ́ wálé. Ó kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ dá abọ́ ìyàwó Bàbá Ẹ̀yin padà, mo bá wọn nídìí oúnjẹ. Bàbá na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi gbé omi yẹn."

Ìyàwó rẹ̀ pariwo. "Bàbá ọmọ mi, ta lẹ̀ ń pè ní ẹ? Àbí ìyá yín ló jí dìde wá jókòó tì wá?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí bí ẹni tí wọ́n lù. Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé omi náà, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Omi yín rèé, dírẹ́bà." Mo dìde láti máa lọ.

Ọmọ náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Màmá," ó ní, "ẹ̀yin ni bàbá mi ń pe gbogbo ayé. Èmi nìkan ni wọ́n ń pè ní ìwọ. Wọ́n ti wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo ní kó má bínú. Ó kúkú bínú. Kò wọ bọ́ọ̀sì mọ́, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn nínú oòrùn lọ sí kíláàsì, kò sì wálé mọ́. Bàbá á ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì sílẹ̀ níwájú ilé àwọn obìnrin, á máa wo ojú ọ̀nà títí àwọn èrò á fi máa kùn. Mo sọ fún un pé kó pe ọmọ rẹ̀ lọ́mọ. Ó ní ó ku díẹ̀ kí ọmọ parí ẹ̀kọ́. Díẹ̀ wo? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé! Inú bí mi débi pé mi ò ta búrẹ́dì fún un lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀sì dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, ó ku ẹnì kan lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Mo rí báàgì pupa. Ibà ti mú ọmọ náà, kò sì lè fẹsẹ̀ rìn, ló fi wọ bọ́ọ̀sì tó lóun ò wọ̀ mọ́.

"Ẹ ti dé o," bàbá ké látiwájú. "Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Kò mira. Bàbá bọ́ sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé e níwájú orí. Mo ti gbé agbòjò, mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn tó fẹ́ wọlé tò sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ó ní. Ọmọ ò lè dìde. Ohùn bàbá bá yí padà. "Ìwọ ọmọ yìí, dìde! Mo ní kó o dìde! Ta ló ní kó o máa rìn nínú oòrùn? Ta ló ní kó o má wálé? Ara rẹ gbóná báyìí, o ò lè ránṣẹ́ sí mi?"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wọ awò ojú ti orí bọ inú bọ́ọ̀sì. "Bàbá Ẹ̀yin! Akẹ́kọ̀ọ́ lẹ̀ ń jágbe mọ́ báyẹn? Kí ló pa ẹ̀yin àti òun pọ̀?"

Ó ṣì lè sọ pé ẹ má bínú. Ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ. Mo wò ó, mo rí i pé ó la ẹnu láti sọ ọ́, ó tún pa á dé.

"Ọmọ mi ni," ó ní. "Èmi ni mo bí i."

Ọmọ náà la ojú díẹ̀. Bóyá ó ti ń gbọ́ látàárọ̀, mi ò mọ̀.

"Bàbá mi, ẹ tún un sọ."

"Èwo?"

"Èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó náà, ó gbé báàgì pupa kọ́ èjìká ara rẹ̀.

"Ìwọ," ó ní. "Dìde, ká lọ sílé."