Ojú Ìwé Tí Mo Fò

Bí mo bá ti ka ìwé òfin ilẹ̀ sínú fóònù fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí kò ríran, á fọwọ́ pa ojú ìwé náà, á ní: “O ò fo nǹkan kan?”

Ẹjọ́ oko rẹ̀ ní Jóga wà ní kọ́ọ̀tù Ìlaròó. Lọ́jọ́ kan, oorun ń kùn mí, mo bá fo ojú ìwé kan. Wọ́n gba oko náà, ó sì kú.

Ẹ̀yìn ìsìnkú ni mo tó ka ibẹ̀: afọ́jú lè tako ìwé tí wọn ò kà sí i létí kó tó tẹ ìka sí i. Bó ṣe tẹ ìka sí ìwé tí wọ́n fi gba oko rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Fóònù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo tún gbọ́ kíkà ọjọ́ náà láàárọ̀ yìí.

“O ò fo nǹkan kan?”

Ohùn mi dáhùn: “Rárá, Bàbá.”